Ìlú méjì tó fara kan ara wọn: ojú ìwé kan la ó fún wọn, àbí méjì?

Ẹni tó bá ń kọ ìwé atọ́nà fún arìnrìn-àjò kò ní pẹ́ tí yóò fi kan ìlú ìbejì. Minneapolis àti Saint Paul. Kinshasa àti Brazzaville. Hyderabad àti Secunderabad. Rabat àti Salé ní Mòrókò. Odò ló là wọ́n láàárín, tàbí adágún, tàbí títì lásán, ẹni tó wà ní ọ̀kan sì ń rí iná èkejì lálẹ́. Ọ̀rọ̀ tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa tí à ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni pé, ṣé ojú ìwé kan ni ká fún àwọn méjèèjì, àbí kí kálukú ní tirẹ̀? Tó bá sì jẹ́ ojú ìwé kan, orúkọ wo la ó kọ sókè?

Mo ti dá sí àríyànjiyàn yìí tó, mo sì ti mọ ibi tí mo dúró sí. Àlàfo tó wà láàárín ìlú méjèèjì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Kí ni àlejò ní láti ṣe kó tó dé òdìkejì? Tó bá jẹ́ pé ńṣe ló máa wọ bọ́ọ̀sì tàbí kó fẹsẹ̀ rìn, tí ẹnikẹ́ni ò ní bi í ní nǹkan kan, ìlú kan ni lójú tirẹ̀, ohun yòówù kí ìjọba kọ sínú ìwé. Tó bá jẹ́ pé físà ni yóò kọ́kọ́ lọ gbà, ìlú méjì ni, bó tilẹ̀ ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ìlú kejì láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀nà mẹ́rin ni mo ti rí táwọn èèyàn ń gbà ṣe é. Tí a bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn:

| Ọ̀nà | Àpẹẹrẹ | Ibi tó ti ṣiṣẹ́ | Ibi tó ti ń ṣi èèyàn lọ́nà |
|---|---|---|---|
| Orúkọ méjèèjì pa pọ̀, ojú ìwé kan | Bielsko-Biała | Ìlú tó ti di ọ̀kan, tàbí ìlú kékeré méjì tí kò sí ìdíwọ́ láàárín wọn | Níbi tí "àárín ìlú" ti jẹ́ méjì |
| Ìnagijẹ | Twin Cities (Minneapolis àti Saint Paul) | Ìlà àkọ́kọ́ nínú àlàyé | Orí ojú ìwé |
| Ojú ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ | Kinshasa. Brazzaville | Bodà tó ń béèrè ìwé | Níbi tí àlejò ti ń sùn ní ọ̀kan, tó ń jẹun ní èkejì |
| Ojú ìwé òbí, ọmọ méjì lábẹ́ rẹ̀ | Dallas àti Fort Worth (Texas, Amẹ́ríkà) | Ìlú ńlá méjì tó jìn síra díẹ̀ | Ìlú kéékèèké. Òbí á ṣófo |

Kansas City méjì, Niagara Falls méjì

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi jù, nítorí orúkọ kò lè ràn wá lọ́wọ́ rárá. Ìlú méjèèjì ní ìhà kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Kansas City kan wà ní ìpínlẹ̀ Missouri, òmíràn wà ní ìpínlẹ̀ Kansas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Èyí tó tóbi jù, tí gbogbo ayé mọ̀, Missouri ló wà. Ìyẹn nìkan ti tó láti da orí àlejò rú. Títì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ State Line Road: bí ẹ bá ń wakọ̀ lọ sí gúúsù lórí rẹ̀, Kansas wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín, Missouri wà lọ́wọ́ òsì. Kò sẹ́ni tó máa dá yín dúró. Ẹni tó sùn ní Kansas lè kọjá lọ jẹun ní Missouri kó má tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti kúrò ní ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Ojú ìwé kan ló yẹ wọ́n. Ẹ pè é ní Kansas City, kí ìsọ̀rí kan nínú rẹ̀ máa jẹ́ "Apá Kansas", ó parí.

Niagara Falls náà méjì ni, ọ̀kan ní Ontario ní Kánádà, èkejì ní New York ní Amẹ́ríkà. Ariwo omi kan náà ni wọ́n jọ ń gbọ́. Afárá Rainbow Bridge tí wọ́n ṣí ní 1941 so wọ́n pọ̀, èèyàn sì lè fẹsẹ̀ rìn kọjá lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn aṣọ́bodè ń bẹ lẹ́nu afárá, wọ́n á sì béèrè ìwé ìrìnnà. Àlejò tó jẹ́ pé físà Amẹ́ríkà nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè dúró létí odò, kó máa fojú ara rẹ̀ wo òtẹ́ẹ̀lì tó ti sanwó yàrá sí ní òdìkejì, kó má sì lè débẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìwé yín ló kó òtẹ́ẹ̀lì ìlú méjèèjì pọ̀ sójú kan, tó wá tò wọ́n ní a-b-d, ẹ̀yin lẹ fi í síbẹ̀.

Nítorí náà, ojú ìwé méjì: "Niagara Falls, Ontario" àti "Niagara Falls, New York". Kí ẹ sì rántí pé ẹnì kẹta wà tó ń jẹ́ orúkọ náà, ìyẹn omi ńlá tó ń já bọ́ láti orí àpáta fúnra rẹ̀. Àlejò tó tẹ "Niagara Falls" sínú àpótí ìwákiri, àfàìmọ̀ ni kó má jẹ́ omi ló ń wá. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ bọ́ sójú ìwé kékeré kan tó máa bi í pé: omi ni, àbí ìlú? Tó bá jẹ́ ìlú, físà ibo lẹ ní?

Orúkọ méjì tí a so pọ̀

Ó dára gan-an níbi tí àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ti so ó. Ní Gánà, Sekondi àti Takoradi di ìlú kan ní 1946, Sekondi-Takoradi ni wọ́n sì ń kọ títí dòní. Ní Pólándì, Bielsko àti Biała wà ní bèbè odò kan náà, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, kí wọ́n tó di Bielsko-Biała ní 1951. Buda, Óbuda àti Pest tilẹ̀ gbé tiwọn jìnnà jùyẹn lọ: wọ́n para pọ̀ ní 1873, àmì ìsopọ̀ gan-an kò sí nínú orúkọ Budapest mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fún Buda ní ojú ìwé tirẹ̀ lónìí ń wá wàhálà ni, àmọ́ kò burú kó sọ fún àlejò pé orí òkè ni Buda wà, ilẹ̀ títẹ́jú ni Pest, nítorí ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ máa fẹ́ mọ̀.

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ibi tí ìwé atọ́nà ti so orúkọ tí àwọn onílùú ò so. Ìlú méjì ni Minneapolis àti Saint Paul, olórí ìlú méjì, Saint Paul sì ni olú ìlú ìpínlẹ̀ Minnesota. Ẹ wo gbólóhùn yìí, tí èmi fúnra mi kọ nígbà kan rí sójú ìwé tí mo pè ní "Minneapolis–Saint Paul":

"Òtẹ́ẹ̀lì tó mọ́, tí kò wọ́n, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí àárín ìlú."

Àárín ìlú wo? Ti Minneapolis, àbí ti Saint Paul? Nǹkan bíi kìlómítà 16 ló wà láàárín wọn. Ọkọ̀ ojú irin ìgboro tí wọ́n ń pè ní Green Line ti so àárín ìlú méjèèjì pọ̀ láti 2014, ṣùgbọ́n ó máa ń lò ju 40 ìṣẹ́jú lọ láti ìkan dé ìkejì. Mi ò purọ́ nínú gbólóhùn yẹn. Òótọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ó kàn ń gbé èèyàn lọ síbi tí kò fẹ́ lọ ni. Àdírẹ́sì náà ń kọ́? Minnehaha Avenue kan wà ní Minneapolis, òmíràn sì wà ní Saint Paul. Ẹni tó kọ àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ láìfi orúkọ ìlú sí i ti pa owó fún awakọ̀ takisí láìmọ̀.

Bẹ́ ẹ bá ti pinnu láti so wọ́n pọ̀ báyìí, ẹ jẹ́ kí orúkọ ìlú wà nínú gbogbo àkọsílẹ̀, láti orí ilé oúnjẹ dé orí ilé ìtura. Ẹ pa "àárín ìlú" rẹ́ níbi gbogbo, kí ẹ kọ "àárín Saint Paul". Kí ẹ sì to àwọn òtẹ́ẹ̀lì ní ìlú-ní-ìlú. Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo ìyẹn tán, ẹ ó rí i pé ojú ìwé méjì lẹ kọ, ẹ kàn rán wọn pọ̀ ni. Ìdí rèé tí mo fi máa ń fẹ́ ojú ìwé òbí ju àmì ìsopọ̀ lọ fún ìlú tó bá tó báyìí.

Ìnagijẹ

Èyí ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. "Twin Cities" ni wọ́n ń pe Minneapolis àti Saint Paul. Wọ́n ń pe Hyderabad àti Secunderabad bẹ́ẹ̀ ní Íńdíà. Wọ́n ń pe Islamabad àti Rawalpindi bẹ́ẹ̀ ní Pakísítánì. Orúkọ tí ìlú mẹ́fà jọ ń jẹ́ kò lè wà lórí ojú ìwé kan. "Metroplex" tí wọ́n ń pe agbègbè Dallas tún burú sí i, torí àlejò tí kò tíì débẹ̀ rí kò ní mọ̀ ọ́n rárá. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ìlà àkọ́kọ́ ni àyè ìnagijẹ: "tí wọ́n tún ń pè ní…", ká sì rí i pé ẹni tó bá fi wá ojú ìwé náà máa rí i.

Mo gbà pé ìnagijẹ ní iṣẹ́ kan tó ń ṣe, ó ń pa ìjà. Nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù baseball kan kó wá sí Minnesota ní 1961, wọn ò jẹ́ sọ ọ́ ní orúkọ ìlú kankan nínú méjèèjì. Orúkọ ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́, ó di Minnesota Twins, lẹ́tà TC, ìyẹn Twin Cities, sì wà lára fìlà wọn. Ẹ má bi mí pé kí ló fà á. Nígbà ìkànìyàn ọdún 1890, ìlú méjèèjì bu iye èèyàn kún tiwọn kí ọ̀kan lè ju èkejì lọ, àfi ìgbà tí wọ́n ní kí wọ́n tún un kà.

Ta ni ká kọ́kọ́ pè?

Ó jọ ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n òun ló ń mú kí lẹ́tà ìbínú wá jù. Ta ni Táyé, ta ni Kẹ́hìndé? Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè, èyí tó dé gbẹ̀yìn á sì ní òun lẹ̀gbọ́n. Tí iye èèyàn bá ni ẹ fẹ́ fi ṣe é, iye a máa yí padà. Tí ọjọ́ orí bá ni, ẹ ó máa bá àwọn òpìtàn jà títí. Èyí tó ń gbà mí ni kí n wo orúkọ tó wà lára pápákọ̀ òfurufú tàbí ibùdókọ̀ ojú irin tí wọ́n jọ ń lò, kí n sì tẹ̀ lé e. Minneapolis–Saint Paul ni ti pápákọ̀ wọn. Pápákọ̀ náà kò tilẹ̀ sí nínú ìlú kankan nínú méjèèjì, torí náà kò sẹ́ni tó lè ní mo gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Níbi tí kò bá ti sí nǹkan àjọlò kankan, a-b-d ni.

Àjọ UNESCO gan-an ti gbé e gba ọ̀nà méjì. Omi ńlá tó wà láàárín Sámbíà àti Simbábúè wọ inú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 1989 gẹ́gẹ́ bí ohun kan ṣoṣo, orúkọ méjèèjì sì wà lórí rẹ̀: Mosi-oa-Tunya / Victoria Falls. Ní ti Iguazú, omi ńlá tó wà láàárín Ajẹntínà àti Bràsíl, òun náà omi kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ọgbà ìjọba Ajẹntínà wọlé ní 1984, ti ìjọba Bràsíl wọlé ní 1986, kálukú lórúkọ tirẹ̀, ọ̀kan fi z kọ ọ́, èkejì fi ç. Tẹ́ ẹ bá ń wá ẹni tẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé, ẹ ti rí i pé ọwọ́ yín náà ló kù sí.

Fún Livingstone ní Sámbíà àti ìlú Victoria Falls ní Simbábúè, ojú ìwé òbí ni mo yàn: omi náà lókè, ìlú méjì nísàlẹ̀. Afárá tó so wọ́n pọ̀ ti wà láti 1905, físà KAZA tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014 sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ wọ orílẹ̀-èdè méjèèjì. Àlàfo náà ti tín-ín-rín ju ti Niagara lọ fún ẹni tó bá ní físà yẹn. Fún ẹni tí kò ní in, ó ṣì fẹ̀ bó ṣe fẹ̀ tẹ́lẹ̀. Orí ojú ìwé òbí ló yẹ kí àlàyé físà náà wà, kí ẹni tó ń yan ibi tí yóò sùn kà á kó tó yàn.

Níbi tí bodà bá wà

Kinshasa àti Brazzaville: olú ìlú orílẹ̀-èdè méjì, odò Congo láàárín, kò sí afárá, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀, físà sì ni. Ojú ìwé méjì, láìsí àríyànjiyàn. Ohun tó ń bí mi nínú nínú ọ̀pọ̀ ìwé ni pé wọ́n á ya ìlú méjèèjì sọ́tọ̀ tán, wọn ò wá ní mẹ́nu kan èkejì mọ́. Kí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìsọ̀rí kan tó ń jẹ́ "Sí òdìkejì odò": èbúté tí wọ́n ti ń wọkọ̀, ìwé tí wọ́n ń béèrè, àti ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ pé ká má fi í sí ọjọ́ tí ọkọ̀ òfurufú wa máa gbéra. Ẹ má sì kọ "Congo" lásán sínú èyíkéyìí. Orílẹ̀-èdè méjèèjì ló ń jẹ́ ẹ.

Copenhagen àti Malmö ò le tóyẹn. Láti 2000 tí wọ́n ti ṣí afárá Øresund, ọkọ̀ ojú irin ń gbé èèyàn láti Dẹ́nmárkì sí Swídìn bí ẹni lọ sí àdúgbò kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó orílẹ̀-èdè méjèèjì yàtọ̀, tí wọ́n sì lè wo ìwé ẹni lójú ọ̀nà. Ojú ìwé méjì náà ni, ṣùgbọ́n pápákọ̀ òfurufú Copenhagen wà ní ìhà tó kọjú sí Malmö. Nítorí náà, ibẹ̀ ló yẹ kí "Bí ẹ ṣe máa débẹ̀" ti bẹ̀rẹ̀ lójú ìwé Malmö, kì í ṣe kí wọ́n máa júwe pápákọ̀ mìíràn fún èèyàn kí wọ́n tó kàn án.

Àwọn kékeré ló dùn mọ́ mi jù. Wọ́n pín Valga ní Estonia àti Valka ní Latvia sọ́tọ̀ ní 1920. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yà wọ́n nínú orúkọ. Láti ìparí 2007 tí àwọn méjèèjì ti wọ Schengen, ìyẹn àdéhùn tó mú àyẹ̀wò ìwé kúrò ní bodà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó wà nínú rẹ̀, èèyàn kàn ń rìn kọjá ni. Owó kan náà ni wọ́n ń ná, aago kan náà ni wọ́n ń wò. Èdè ló yàtọ̀. Ojú ìwé kan, "Valga–Valka", tó.

Tornio ní Fínlándì àti Haparanda ní Swídìn jọ bẹ́ẹ̀ náà, àfi pé aago Tornio fi wákàtí kan ṣáájú. Ojú ìwé kan ni mo máa fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún wákàtí tẹ́ ẹ máa kọ. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ti ní aago mẹ́fà ní Haparanda, aago méje ni lójú ẹni tó wà ní Tornio. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ti ní mẹ́fà ní Tornio, aago márùn-ún ló ti tì lójú ẹni tó ń bọ̀ láti Haparanda, yóò sì bá ilẹ̀kùn ní títì. Ẹ kọ "aago Fínlándì" tàbí "aago Swídìn" sí iwájú gbogbo rẹ̀, bó tilẹ̀ ń sú yín láti kọ.

Òbí àti ọmọ

Dallas àti Fort Worth tó kìlómítà 50 síra, pápákọ̀ òfurufú DFW tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1974 sì wà láàárín. Arlington náà wà láàárín, ibẹ̀ sì ni pápá ìṣeré Dallas Cowboys, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, wà. Ẹni tó gba yàrá ní àárín Dallas nítorí pé "Dallas" ló rí nínú orúkọ ẹgbẹ́ náà máa rìn. Irú ibi báyìí ló ń fẹ́ òbí. Ohun tó yẹ kó wà lójú ìwé òbí kò pọ̀: pápákọ̀ náà, ọkọ̀ tó ń lọ láàárín ìlú méjèèjì, àti ìpínrọ̀ kan tó dáhùn "níbo ni kí n sùn sí?" Ẹ má gbé òtẹ́ẹ̀lì kankan síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ sójú òbí, tẹ́ ẹ tún kọ ọ́ sójú ọmọ, lọ́jọ́ tí ilé náà bá kógbá sílé, ojú kan lẹ máa ti pa á rẹ́.

Nígbà mìíràn, ńlá ti gbé kékeré mì, kò sì burú. Secunderabad, tí wọ́n sọ lórúkọ Sikandar Jah, ọba Hyderabad, ní 1806, wà ní òdìkejì adágún Hussain Sagar sí Hyderabad, ṣùgbọ́n àlejò kì í pín ìrìn-àjò rẹ̀ sí méjì nítorí rẹ̀. Ó tó kó jẹ́ ìsọ̀rí lábẹ́ Hyderabad. Salé ò rí bẹ́ẹ̀ ní tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ tramu ti so ó mọ́ Rabat láti 2011: ìgboro àtijọ́ tó ní odi tirẹ̀ nìkan ti tó ìrìn ọjọ́ kan. Ẹni tó bá sì ń fi ìwé ìtàn ọ̀rúndún kẹtàdínlógún rìn níbẹ̀ yóò ṣì í mú, torí "Salé Tuntun" tí wọ́n kọ sínú wọn, Rabat ti òní ni.

Mo padà sí Secunderabad, torí ibẹ̀ ni mo ti ń dán ojú ìwé mi wò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin ló jẹ́ pé ibùdó Secunderabad ni wọ́n ń parí sí, òun náà sì ni wọ́n ń kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì. Àlejò tó mú irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ dání kò ní wá Hyderabad. Yóò tẹ "Secunderabad". Mo máa ń tẹ orúkọ kejì wọlé bíi tirẹ̀ kí n tó gbé ojú ìwé jáde, kí n wo ibi tí yóò gbé mi lọ. Tó bá gbé mi lọ sí òkè ojú ìwé Hyderabad, níbi tí wọ́n ti ń sọ ìtàn ọba, mo máa ń padà lọ tún un ṣe kó lè gbé mi lọ tààrà sí ìsọ̀rí Secunderabad, níbi tí ìlà àkọ́kọ́ ti ń sọ bí èèyàn ṣe ń jáde kúrò ní ibùdó náà.